Ọwọ́ Òsì Daddy Àgbà

Òórùn àbóníkí gbá mi nímú nínú bọ́ọ̀sì ní Thamesmead nílùú òyìnbó níbí láàárọ̀ yìí. Obìnrin tó jókòó tì mí ń yínmú. Èmi fà á símú dáadáa ní tèmi, ó sì gbé mi padà sí fláàtì wa ní Connaught Estate nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lọ́sàn-án ọjọ́ tí Daddy Àgbà, bàbá Mummy mi, kọ́kọ́ wá kí wa láti Ìbàdàn.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n na bisikíìtì sí mi, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì fi nà á. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn.

"Mummy ní mi ò gbọ́dọ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ òsì."

Ojú ti Mummy débi pé wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa wò. Daddy Àgbà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n yọ ọwọ́ ọ̀tún wọn jáde lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi bo ẹsẹ̀. Àbóníkí ń dán lára rẹ̀, àwọn ìka sì wọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ata ilẹ̀.

"Iṣẹ́ eré bọ́ọ̀lù tí mo ṣe ní Amẹ́ríkà kí n tó bí Mummy rẹ ló fà á. Bọ́ọ̀lù wọn rí bí ẹyin, ọwọ́ la fi ń gbá a mú."

"Ṣé ó jábọ́ lọ́wọ́ yín?"

"Lójú gbogbo èrò tó wá wòran? Kò jábọ́ rí!"

Ọjọ́ tí a sin wọ́n ni mo tó gbọ́ pé ọdún àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà gan-an ni ìka wọn ti kán, tí wọ́n sì fi báńdéèjì dì í ṣeré fún ọdún mẹ́fà sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá yẹn, mo na ọwọ́ òsì tèmi, mo fi gba bisikíìtì. Mummy rí mi. Àwọn náà na ọwọ́ òsì, wọ́n gba tiwọn.