Ẹ̀kọ Màmá Mi àti Sòbìà Ìlóro

Òórùn ògì gbígbóná ló máa ń jí mi láàárọ̀ ní Ìlóro, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Màmá mi á ti dáná kí ilẹ̀ tó mọ́, á máa ro ẹ̀kọ nínú ìkòkò ńlá. "Ẹ jẹ́ kó hó dáadáa" ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí wa nígbà gbogbo. Ọmọ Ìkòrò ni. Ọkọ ló gbé e wá sí Ìlóro.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí sòbìà gba àdúgbò wa kan. Kòkòrò funfun gígùn bí òwú ni, ó máa ń dá ẹsẹ̀ lu jáde. Bẹ́ǹṣì kíláàsì wa ṣófo. Àwọn àgbẹ̀ jókòó sílé, wọ́n na ẹsẹ̀ sílẹ̀, nígbà tó yẹ kí wọ́n máa kọ ebè.

Wolé-wolé kan wá láti Ìjerò, ó bá àwọn ará agbo ilé ṣèpàdé lójúde wa. Ó ní inú odò ni a ti ń kó o. Bí ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bá ti tẹ odò, ọmọ kòkòrò náà á tú sínú omi. Ẹni tó bá mu ún kò ní mọ nǹkan kan títí di bí ọdún kan, kó tó yọ lára tirẹ̀. "Kó tó yọ, ẹ ti gbàgbé omi tí ẹ mu," ló wí. "Ẹ máa fi aṣọ sẹ́ omi. Ẹni tó ń yọ lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ odò."

Bàbá Ayọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí agbo ilé wa, bú sẹ́rìn-ín. "Omi tí bàbá mi mu dàgbà dógbó!" Sòbìà wà lọ́rùn ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà. Àràárọ̀ ló ń lọ ki ẹsẹ̀ ọ̀hún bọ odò, nítorí omi tútù máa ń dẹ oró rẹ̀. Ibẹ̀ náà la ti ń pọn omi mímu.

Nígbà tí ìyà wá pọ̀, wọ́n wá ẹni tí wọ́n máa gbé ẹ̀bi rù.

"Ẹ̀kọ obìnrin Ìkòrò yìí ni!" Bàbá Ayọ̀ ló ń pariwo. "Gbogbo ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló ń ṣe. Kó kúrò nínú ulé yìí!"

Gbogbo wa la ń jẹ ẹ̀kọ náà lóòótọ́. Gbogbo wa la sì ń mu omi odò. Ohun tí iná sè ni wọ́n sá fún, omi tútù ni wọ́n ń gbé sẹ́nu! Wọ́n da ìkòkò màmá mi nù sójúde. Bàbá mi ò gbèjà rẹ̀. Màmá mi di ẹrù, ó fa èmi àti Bọ́lá àbúrò mi lọ́wọ́, a gba Ìkòrò lọ.

Bọ́lá ti mu omi náà ká tó kúrò. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, sòbìà yọ lórúnkún rẹ̀. Orúnkún náà ká, kò sì nà mọ́ títí dòní. Ìlóro tó lé ẹ̀kọ jáde ńkọ́? Sòbìà ò dín níbẹ̀.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sí àdúgbò náà, sòbìà sì tán. Ẹnikẹ́ni ò wá bẹ màmá mi títí ó fi kú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lé wa, ẹ̀yìn màmá mi ni mo dúró sí, mo gbà pé àgbà tó bá lè pariwo tó bẹ́ẹ̀ ní láti mọ òótọ́. Ní báyìí mo ti dàgbà ju Bàbá Ayọ̀ ìgbà yẹn lọ. Àwọn mọ̀lẹ́bí ṣì ń bẹ̀ mí pé kí n foríjì í, pé kò mọ̀ ni. Ojú wọn ni mo máa ń wò tí mo bá ń dáhùn: "Wọ́n sọ fún un. Mo wà níbẹ̀."