Géèmù Tí Kì í Rántí Àná

Mo ti fi géèmù kan han ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó dà bí ìyá mi. Ẹlòmíràn á jókòó tì mí lẹ́ẹ̀kan, á ní orí ń fọ́ òun, á bá tirẹ̀ lọ. Màámi ní tiẹ̀, ojoojúmọ́ ni mo ń kọ́ ọ bí ẹni tí kò rí i rí, ojoojúmọ́ ló sì ń yà á lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú géèmù tó jẹ́, nítorí bí mo bá ti ní géèmù báyìí, bọ́ọ̀lù tàbí ìbọn ló máa ń wá sí ènìyàn lọ́kàn. Róògùláìkì ni wọ́n ń pe irú èyí. Ihò ńlá kan wà lábẹ́ ilẹ̀, yàrá lórí yàrá, ọ̀nà tóóró láàárín wọn, o ń sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kan sí èkejì, o ń wá ìṣúra kan tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá pa ọ́ lójú ọ̀nà, ó parí nìyẹn. Kò sí pé o fẹ́ padà síbi tó o dé lánàá, ìbẹ̀rẹ̀ lò ń lọ. Bó o bá sì tún bẹ̀rẹ̀, ihò àná kọ́ nìyẹn mọ́. Kọ̀ǹpútà á ti to yàrá mìíràn, á ti kó àwọn ọ̀tá síbòmíràn. Ẹni tó ti ń ṣe é fún ọdún mẹ́wàá àti ẹni tó dé lónìí, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ti gbó débi pé kò ní àwòrán kankan. Lẹ́tà ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwọ tó ò ń ṣe é ni àmì @. Lẹ́tà r kékeré ni eku. D ńlá ni dírágónì, bó o bá rí i, sá. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe nílé iṣẹ́ ìjọba l'Óṣogbo, àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ mi ń wá ọkọ, èmi ń wá lẹ́tà kiri inú ihò. Mo ní ó kéré tán, lẹ́tà kì í purọ́.

Ọmọ Iléṣà ni Màámi, ilé Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí i sí, àmọ́ Òṣogbo yìí ló ti ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Táípíìsì ni. Ní ayé ìgbà tiwọn, tí lẹ́tà bá ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà, kò gbọdọ̀ ní ìparẹ́. Bí ìka bá ṣì ní ìlà tó kẹ́yìn, wọn á fa pépà náà yọ, wọn á ki òmíràn bọ inú ẹ̀rọ. Ó máa ń sọ ọ́ fún wa nígbà tí a wà lọ́mọdé, pàápàá tí a bá ń kùn nítorí iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ọdún kejì lẹ́yìn tí bàbá wa lọ ni ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé nínú gàrí. Ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà kí oúnjẹ tó jinná. Dókítà ní àìsàn ọpọlọ ni, kò ní padà sẹ́yìn, ṣe ni yóò máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀. Mo mú un wá sọ́dọ̀ mi. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé Iléṣà ní òun ló yẹ kí òun mú un, pé ohun àtijọ́ ló máa ń pẹ́ jù nínú orí irú wọn, pé bó bá wà níbi tó dàgbà sí, ara á tù ú. Òótọ́ ló sọ. Mo kọ̀.

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ti rí bí Màámi ṣe ń gbàgbé ènìyàn. Àlùfáà ìjọ wa ló kọ́kọ́ lọ, ọmọ àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé e, ó wá kan ìyàwó àbúrò mi, tó bí ọmọ mẹ́ta sójú rẹ̀. Mo rò ó pé bí kò bá rí mi lójoojúmọ́, èmi ló kàn. Mi ò fẹ́ di àlejò lójú ìyá tó bí mi lọ́mọ. Gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dún yẹn, ìdí rẹ̀ nìyẹn, bí mo tilẹ̀ ń pe àwọn kan lórúkọ mìíràn.

Mo gbé ọpọ́n ayò sílẹ̀ fún un, kò rántí ẹni tó kàn. Mo tan fíìmù, ó ń bi mí pé ta nìyẹn, títí fíìmù fi parí. Ní àárọ̀ Sátidé kan mo jókòó ní pálọ̀, mò ń ṣe géèmù mi jẹ́ẹ́jẹ́, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ìjẹ̀ṣà ló máa ń bá wa sọ nílé.

Ó ní, “Ta ló tẹ uṣẹ́ játijàti yìí?”

Mo wò ó, mo wo kọ̀ǹpútà. Lóòótọ́, r kan wà níhìn-ín, k kan lọ́hùn-ún, àmì tótó fọ́n káàkiri bí ìrẹsì tó dà sílẹ̀. Ó ní kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ wá gbà á padà kó lọ tún un tẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kò bá mi rẹ́rìn-ín o. Ó fa àga mọ́ra, ó tẹ́ ìka lé orí kọ̀ǹpútà láti ṣàtúnṣe.

Nínú géèmù àtijọ́ yẹn, lẹ́tà h, j, k àti l ni a fi ń rìn, sí òsì, sísàlẹ̀, sókè, sí ọ̀tún. Gbogbo ẹni tí mo ti kọ́ ló máa ń fi ìyẹn ṣe wàhálà fún ọjọ́ mélòó kan, ojú wọn á máa lọ sísàlẹ̀, á máa bọ̀ lókè. Ibẹ̀ gan-an ni ìka ọwọ́ ọ̀tún táípíìsì sì máa ń sinmi. Màámi ò wo ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. @ náà rìn, ó dúró, ó tún rìn.

“Ó ń lọ,” ni ó wí. “Kí ló ń wá?”

Ìbéèrè rẹ̀ dùn mọ́ mi. Ó ti pẹ́ tó ti béèrè ohun tí mi ò tíì dáhùn rí.

Mo ṣàlàyé fún un pé kò sóhun tó ń ṣí nínú ihò náà bí òun fúnra rẹ̀ ò bá ṣí. Eku ò ní gbé ẹsẹ̀ títí òun á fi gbé tirẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé ṣe fún wa. Mo sọ fún un nípa àwọn ìgò omi tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ káàkiri, pé ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà nínú wọn àfi tó bá mu ún, pé ọ̀kan lè wò ọ́ sàn, òmíràn sì lè ṣe ọ́ ní jàǹbá, pé pupa tó jẹ́ oògùn lánàá lè di májèlé lónìí. Ó ronú sí i. Nígbà tó rí ìgò àkọ́kọ́, eku kan ti wà ní ìṣísẹ̀ kan sí i. Màámi ká ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó gbàdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó gbàdúrà fún ìjọ, ó kan àwọn tó wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́. Eku náà dúró ní tirẹ̀, kò mira, títí ó fi dé àmín. Ó wá mu ún.

Omi afọ́jú ni. Gbogbo iwájú @ ṣókùnkùn lójijì.

Màámi ní, “Wọ́n ti mú iná lọ.”

Mo na ìka sí fáànù tó ń yí lókè orí wa. Ó wo fáànù, ó wo kọ̀ǹpútà, ó ní iná apá ibí nìkan ni wọ́n mú lọ. Eku pa á nínú òkùnkùn náà. Mo ń wo ojú rẹ̀ bóyá á bínú, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tí mo ń kọ́ ti máa ń dìde. Wọ́n á ní ìyà kí ni, gbogbo làálàá náà ló ṣòfò yẹn! Màámi kàn mí kanlẹ̀ díẹ̀ ni.

“Fi pépà tuntun sí i,” ni ó wí. “Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.”

Láti ọjọ́ náà, a ò lo ọ̀rọ̀ ikú mọ́ nínú géèmù náà nílé wa. Pépà tuntun ni.

Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mo máa ń tọpinpin, ohun tí kò kàn mí pàápàá mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń bi Màámi bóyá ó ti rí eléyìí rí, á ní òun ò rí i rí, mo máa kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo máa kọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, eku mẹ́ta yọ sí i nínú yàrá kan. Kò bá wọn jà níbẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn rìn wọ ọ̀nà tóóró tó gbà wọlé, ó dúró, wọ́n wá ń tọ̀ ọ́ wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Mo bi í pé kí ló dé.

“Ulẹ̀kùn ò gba ẹni méjì.”

Mo gbé ìwé náà lọ sí ilé ìdáná, mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Obìnrin tí kò mọ ohun tó jẹ láàárọ̀ ti rí ọgbọ́n kan kó pamọ́ síbì kan. Ibo ló kó o sí? Ta ni ó ń kó o pamọ́ fún? Mo ronú pé bí ọ̀nà tóóró bá lè dúró síbẹ̀, bóyá èmi náà ò ní lọ.

Àbúrò mi wá ní Sátidé kan, ó sọ̀ ní ibùdókọ̀ Old Garage, ó kó ẹ̀wà Ọ̀tan-Ilé wá fún wa. Màámi mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ó kì í ní oríkì. Inú mi dùn, inú mi ò sì dùn. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń rí lẹ́ẹ̀kan lóṣù! Mo fi géèmù náà hàn án kó lè yé e pé iṣẹ́ gidi ni mò ń ṣe. Ó ń tẹ̀ ẹ́ wìtìwìtì bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, kò dé àjà kejì tí wọ́n fi pa á. Ó ní ìrẹ́jẹ ni.

“Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́,” ni Màámi wí fún un.

Nígbà tí mò ń sìn ín lọ wọ mọ́tò, ó ní, “Sìstá mi, kí lẹ ń wá gan-an?”

Mo ní mò ń wò ó ni, kí n mọ ohun tó kù.

Ó ní, “Tí ẹ bá wá mọ̀ ọ́n ńkọ́?”

Inú bí mi sí i. Mo ní kó tètè lọ kí mọ́tò tó kún.

Ọjọ́bọ̀ kan ni mo dé láti ibi iṣẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Ìyá aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé wa, tó máa ń bá mi mójú tó Màámi lọ́sàn-án, juwọ́ sí mi pé àlàáfíà ni. Mo ń bọ̀ lójú ọ̀nà yàrá ni mo gbọ́ ìró kọ̀ǹpútà, kọ́ọ́kọ́ọ́, kọ́. Mo dúró. Mi ò tan kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i, ó wá géèmù náà rí, ó sì ti dé àjà kẹrin, ibi tí a ò dé rí. Ayọ̀ gbà mí lọ́kàn débi pé mo ti la ẹnu láti kígbe.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó yí padà, ó tún ìró rẹ̀ ró. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi.

“Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wọlé, ẹ jókòó.”

Kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà. Yorùbá Òṣogbo ni, èyí tó ń sọ níbi iṣẹ́ fún ẹni tó bá gbé fáìlì wá. Ìyá kan kì í fi “ẹ” bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá mi bú mi, ó kì mí, ó nà mí, ó gbàdúrà fún mi, “o” ni ó fi ṣe gbogbo rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí.

Ó rò pé géèmù náà ló ń dẹ́rù bà mí. “Kò le,” ni ó wí. “Ẹ wá wò ó. Ẹ̀yin nìyí.” Ó fi ìka kan @ náà. “Ẹ kàn máa rọra rìn. Tí ẹ bá rí wọn tí wọ́n pọ̀, ẹ má dúró sáàárín yàrá. Tó bá sì bàjẹ́, kò sí ohun tó ṣe, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí.”

Ó mọ̀ ọ́n kọ́ni jù mí lọ. Èmi ò sọ ti ẹ̀yìn yẹn fún ẹnikẹ́ni tí mo kọ́ rí.

Mo ní, “Ta ló kọ́ yín, mà?”

“Ọmọ mi obìnrin ni.” Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. “Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Ó ní sùúrù púpọ̀, ojoojúmọ́ ló ń kọ́ mi. Ẹ jókòó, ẹ dúró dè é, kò ní pẹ́ dé mọ́. Inú rẹ̀ á dùn láti rí yín.”

Mo bọ́ bàtà, mo jókòó tì í, àwa méjèèjì sì jọ ń retí ẹni tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́.