Fláàṣì Kan Láti Inú Ọkọ̀

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ìyàwó mi fi ń gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì kọjá omi lọ sí Snake Island, tó ń tà á fún àwọn tó ń jó irin ní ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ òkun ṣe. Ọkọ̀ onípákó tó ń gbé e lọ, òun ló ni ín. Kùtùkùtù ló máa ń kúrò nílé wa ní Ajégúnlẹ̀. Tó bá ti gúnlẹ̀ lọ́hùn-ún, á fláàṣì mi: fóònù mi á dún lẹ́ẹ̀kan, á sì pa á. Ìyẹn ni pé òun ti dé, kò séwu. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tó bá padà sí èbúté ní ìsàlẹ̀ Liverpool Road, á fláàṣì lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ni pé kí n máa bọ̀, ẹrù wúwo. N kì í gbé ìpè náà, òun náà kò sì retí kí n gbé e.

Lọ́dún tó kọjá ló ṣaláìsí. Àìsàn náà kò pẹ́, n kò sì ní kọ nípa rẹ̀ níbí. Nípa ọkọ̀ ni mo fẹ́ kọ.

Ọkọ̀ onípákó kò mọ ìsinmi. Bí wọ́n bá gbé e sórí ilẹ̀, oòrùn á mú kí àwọn pákó rẹ̀ sún kúrò lára ara wọn. Bí wọ́n bá sì fi sílẹ̀ lórí omi, omi á máa yọ́ wọlé láàárín pákó, òjò á máa rọ̀ sí i. Àfi kéèyàn máa gbọ́n ọn ṣáá. Ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ náà fún un ti rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíì, ìgbà tó bá ráyè nìkan ló ń yà wò ó. Orúnkún mi kò sì jẹ́ kí n lè máa lọ lójoojúmọ́. Ọmọ wa obìnrin, tó ń gbé ní Ìbàdàn, ní ká ta ọkọ̀ náà. Mo bẹ̀ ẹ́. Orí fóònù ló ti dá mi lóhùn:

"Ó dáa, Bàbá. Àmọ́ bó bá rì lẹ́ẹ̀kan péré, a máa tà á. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹ lọ ń fa ọkọ̀ jáde nínú omi pẹ̀lú ọjọ́ orí yín."

Mo gbà.

Físíìsì ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, nítorí náà mo mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo mú ike oògùn tó ṣófo, mo dé e pinpin, mo so ó mọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lè lọ sókè sódò nísàlẹ̀ ọkọ̀. Bí omi bá gbé ike náà ga tó ìbú ọwọ́ kan, irin á kan irin, iná á sì wọ pátákó ẹ̀rọ kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà kọ àṣẹ sí. Pátákó yìí ló máa mú kí fóònù kan tí mo so mọ́ ọn pè mí, òun náà ló máa pa ìpè náà tó bá ti dún lẹ́ẹ̀kan. Bátìrì ọ̀kadà àti sólà pẹlẹbẹ kan ló ń fún un níná. Kúlà tí ìyàwó mi fi ń gbé ẹ̀wà ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí, mo dè é mọ́ ibi tó ga níwájú ọkọ̀. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni mo lò, pẹ̀lú síìmù tó wà nínú rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé torí ó ti wà nílé ni, kò sídìí láti ra òmíràn.

Lọ́jọ́ tí mo ń so ó, awakọ̀ náà jókòó sétí ọkọ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Bàbá, kí lẹ ń dè mọ́bẹ̀? Bọ́ǹbù?"

"Fóònù ni. Bí omi bá wọ ọkọ̀, ọkọ̀ á fláàṣì mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi fẹ́ há a lọ́fun. "Boat wan dey flash person! Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má fi nọ́ńbà tèmi sí i o. Ìyàwó méjì tó ń fláàṣì mi ti tó mi."

Ìgbà náà ló wá rí fóònù tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ti Ìyá Ẹlẹ́wà nìyẹn."

Ó gba pláyà lọ́wọ́ mi, ó sì bá mi lọ́ àwọn wáyà tó kù.

A dán an wò. Ó da omi garawa mélòó kan sínú ọkọ̀, fóònù mi dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. "Ìyàwó mi" ló hàn lójú rẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo rò pé mo ti múra sílẹ̀ fún ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò dún. Òjò wá rọ̀ lọ́jọ́ kan látàárọ̀. Mo kírun Alásàrì tán, mo jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan lórí tábìlì. Mo wò ó, mo rí orúkọ náà. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: ó ti dé. Ara mi balẹ̀. Mo dojú fóònù bolẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe, mo gbé orí lé ẹ̀yìn àga, oorun sì gbé mi lọ. N kò tíì sun irú oorun bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti kú.

Awakọ̀ ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Bàbá, ọkọ̀ ti lọ sísàlẹ̀ o. Imú rẹ̀ nìkan ló kù lókè. Ṣé kò fláàṣì yín ni?"

"Ó fláàṣì."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Mo ní ó fláàṣì."

Nígbà tí mo fi rìn gba àárín àwọn tírélà dé èbúté, omi ti fà, awakọ̀ àti ọkùnrin mẹ́ta mìíràn sì ti wọ́ ọkọ̀ náà sí bèbè. Pákó kan ti là. Omi kò dé inú kúlà. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ tí mo bẹ̀ ẹ́ gan-an ló jẹ́.

Mo pe ọmọ wa. Mo lè sọ pé bátìrì ló kú, tàbí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, kò sì ní yà á lẹ́nu. Mo ti to irọ́ náà sílẹ̀. Àmọ́ ó rẹ̀ mí. Mo sọ bó ṣe rí fún un: pé ó dún lẹ́ẹ̀kan, pé mo rí orúkọ, pé mo rò pé ìyá rẹ̀ ti dé, mo sì sùn.

Mo ti ń gbọ́ ìró ìkòkò nílé ìdáná rẹ̀ tẹ́lẹ̀. N kò gbọ́ ọ mọ́.

"Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ fi ṣe ẹ̀ẹ̀kan?"

"Mi ò rò ó."

"Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni Màámi fi ń pè yín. Bí wọ́n bá fláàṣì ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ máa ń fi òkèlè sílẹ̀ ni. Ẹ kì í tiẹ̀ wọ bàtà dáadáa." Ó fọn imú. "Ẹ ṣe é ní méjì."

"Ọ̀rọ̀ títà ńkọ́?"

"Mo ní kẹ́ ẹ ṣe é ní méjì, Bàbá."

Wọ́n ti pààrọ̀ pákó tó là, wọ́n ti fi òwú àti ọ̀dà dí ojú rẹ̀. Mo yí àṣẹ inú pátákó ẹ̀rọ padà. Ó ti dún lẹ́ẹ̀mejì nígbà mẹ́ta láti ìgbà náà, n kò sì pẹ́ rí. Orúnkún ń dùn mí, mo ń lọ.

Ohun kan wà tí mo fi kún un tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láràárọ̀, bí inú ọkọ̀ bá gbẹ tí bátìrì sì dára, á fláàṣì mi lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ á ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, kí ẹ̀rọ máa jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé òun ṣì ń ṣiṣẹ́. Nǹkan bí aago méje ló máa ń dún, nígbà tí mo bá wà nídìí tíì. N kì í gbé e.