Aṣọ Tó Gbẹ Lókè Ààrò Búrẹ́dì

Ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì sùn lọ, torí obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í jókòó pẹ́ lójú kan. Alágbàfọ̀ ni. Aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ló ń fọ̀ jẹun. Ìyá Fọ̀ọ́mọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí bí ẹnì kan bá gbé aṣọ wá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ọbẹ̀ ló dà sí i, pé òróró ọkọ̀ ló kàn án, kì í dúró gbọ́ ọ tán. "Gbé e kalẹ̀. Màá fọ̀ ọ́ mọ́." Ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn.

Yàrá kan ṣoṣo lòun àtàwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì ń gbé, Àgbà àti Kékeré. Bàbá wọn ti kú kí Kékeré tó rìn. Yàrá náà kò burú lójú ẹni tó ń kọjá lọ: ó ní fèrèsé, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń tì dáadáa. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dé, inú ilé ni aṣọ ń gbẹ sí. Ìyá Fọ̀ọ́mọ́ á ta okùn láti igun dé igun, okùn á gorí okùn, á wá fi ṣòkòtò bàbá yìí àti búláòsì ìyá tọ̀hún kọ́ lọ bẹẹrẹ. Abẹ́ rẹ̀ lòun àtàwọn ọmọ ń sùn. Omi á máa kán tó, tó, tó. Kékeré á máa wúkọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá lábẹ́ aṣọ bí ẹni ń wọ inú igbó, Àgbà á sì ké láti ìdí ilẹ̀kùn pé, "Màmá, apá ṣẹ́ẹ̀tì tíṣà tún gbá mi létí o."

Ìyá á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kì í dùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí aṣọ tutù kúrò lórí àwọn ọmọ òun. Kò wá mọ́tò, kò wá wúrà. Yàrá kékeré kan ṣófo níwájú ilé wọn. Bí òun bá rí iṣẹ́ kan tí kì í tán, òun á gba yàrá yẹn, aṣọ á máa gbé yàrá tirẹ̀, àwọn ọmọ náà á máa gbé yàrá tiwọn.

Ẹ̀yìn ògiri yàrá rẹ̀ gan-an ni ilé búrẹ́dì wà, òun àti Bàbá Oníbúrẹ́dì kò sì rẹ́. Èéfín igi bàbá yìí ló máa ń fẹ́ wá sórí okùn aṣọ lẹ́yìnkùlé, aṣọ funfun á di eléérú. Omi ọṣẹ obìnrin yìí ló sì máa ń ṣàn gba ọ̀nà ilé búrẹ́dì, bàbá á yọ̀, òun àti ìyẹ̀fun tó rù. "Bàbá Eléèéfín" ni obìnrin náà ń pè é. "Ìyá Olómi-ọṣẹ" ni bàbá náà fi ń dá a lóhùn. Àwọn aládùúgbò kì í là wọ́n mọ́. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn wọn, wọ́n á kàn gbé àga síta.

Ó wá di ọjọ́ kan, ìròyìn dé pé ilé ìtura tuntun tó wà lójú títì ti lé alágbàfọ̀ rẹ̀ lọ. Ìyá Fọ̀ọ́mọ́ kò dúró yọ ṣòkòtò tó ń fọ̀ lọ́wọ́ kúrò nínú ọṣẹ. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó wé gèlè lójú ọ̀nà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré.

Ọ̀gá ilé ìtura jẹ́ obìnrin gíga kan tó máa ń fi imú wo nǹkan kó tó fi ojú wò ó. Ó gbé ọwọ́ Ìyá Fọ̀ọ́mọ́ sókè, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ọṣẹ," ó ní.

"Ọṣẹ ni, mà. Kò kúrò lọ́wọ́ mi mọ́."

"Ẹni méjì ti bá mi fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì rí. Ti àkọ́kọ́ ń rùn bí ìsàlẹ̀ kànga. Ti èkejì ń rùn bí ẹni tó fọ̀ ọ́."

"Tèmi ò ní rùn, mà."

"Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀." Ó na ọwọ́ sí òkìtì funfun kan ní kọ̀rọ̀. "Àlejò tó kún ọkọ̀ ńlá kan ń bọ̀ lọ́la, lọ́sàn-án. Bí àwọn aṣọ yìí bá mọ́, tí wọ́n gbẹ, tí wọn ò rùn, iṣẹ́ di tìrẹ, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má wulẹ̀ yọjú síbí mọ́."

Ẹsẹ̀ Ìyá Fọ̀ọ́mọ́ kò kan ilẹ̀ dé ilé. Ó pe àwọn ọmọ, ó pọn omi, ó po ọṣẹ, ìfófó kún ọpọ́n ìfọṣọ ńlá títí ó fi ń ṣàn kúnlẹ̀. Àgbà àti Kékeré wọ inú rẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ aṣọ, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ta omi síra wọn. Wọ́n ṣan án, wọ́n fún un, ìyá dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn ọmọ dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, wọ́n ń lọ́ ọ bí okùn. Nígbà tí wọ́n sá a tán, ẹ̀yìnkùlé funfun bí ẹni pé àwọsánmà ló sọ̀kalẹ̀ wá síbẹ̀.

"Màmá," Àgbà ní, "aṣọ wo la máa kọ́kọ́ kó lọ sí yàrá tuntun?"

"Dákẹ́, jẹ́ kó gbẹ ná."

Ẹnu rẹ̀ kò tíì pa dé tí àwọsánmà gidi fi dé. Ẹ̀kán kan bọ́ sí i ní iwájú orí, òmíràn bọ́ sí i ní imú. Wọ́n sáré, wọ́n fà á, wọ́n já a, ọwọ́ òjò sì yá ju tiwọn lọ. Nígbà tí wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ wọlé, ó ti tutù ju bó ṣe wà nígbà tí wọ́n fún un.

Òjò náà kò dá. Ó rọ̀ títí ọjọ́ fi ń rọ̀. Ìyá Fọ̀ọ́mọ́ ta okùn, aṣọ bẹ́ẹ̀dì gba gbogbo yàrá, kò síbi téèyàn lè gbé orí sí. Ó fẹ́ná sí àyọ́ọ̀nù eléèédú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ tutù, ooru bo ilé, aṣọ kò gbẹ, ọ̀kan tilẹ̀ fẹ́ pọ́n. Ó sáré gbé iná kúrò lórí rẹ̀. Kékeré wúkọ́. Ìyá jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó káwọ́ lérí.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé ẹ̀yìn òun gbóná.

Ó yí padà, ó fi ọwọ́ pa ògiri. Ògiri ilé búrẹ́dì ni. Ògiri yìí ló ti ń bú láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà, pé ó ń fi ooru pa òun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Ó gbé etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó dúró díẹ̀, ó tún fọwọ́ kan aṣọ náà, ó ti ń gbẹ. Ó dìde fùú.

"Ẹ dúró síbí," ó ní. "Mo ń lọ sílé Bàbá Eléè... Mo ń lọ sílé Bàbá Oníbúrẹ́dì."

Àgbà la ẹnu sílẹ̀.

Bàbá náà ń ti búrẹ́dì bọ inú ààrò nígbà tí Ìyá Fọ̀ọ́mọ́ wọlé, tí òjò ń kán lára rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Oníbúrẹ́dì."

Kò bojú wẹ̀yìn. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà."

"O ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ẹnì kan ti ní láti kú."

"Aṣọ ni ò gbẹ, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Èéfín mi ló tún bà á jẹ́."

"Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, iná yín ni mo wá tọrọ."

Ìgbà yẹn ló yíjú sí i. "Ṣé kí n bù ú sínú àwo fún ọ?"

"Òkè ààrò yín ni, sà. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ gbóná. Ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ kọ́ síbẹ̀ di òwúrọ̀."

"Òkè ààrò èmi Bàbá Eléèéfín." Ó gbé pátákó kalẹ̀, ó káwọ́ mọ́ àyà. "Ọjọ́ tí mo yọ̀ nínú omi ọṣẹ rẹ ńkọ́? Ìyẹ̀fun bò mí látòkè délẹ̀. Ajá mi tí mo fọwọ́ ara mi tọ́, kò dá mi mọ̀. Ó gbó mi títí mo fi gorí àga."

Ìyá Fọ̀ọ́mọ́ mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ lòun wá bẹ̀. Ó fún ètè pọ̀, ó wo ilẹ̀, ó gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà," ó tún rẹ́rìn-ín. Bàbá náà fẹ́ le ojú, ojú kọ̀, òun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé gan-an?" ó bi í, ó ń nu ojú.

Obìnrin náà sọ fún un: ilé ìtura, àlejò ọ̀la, yàrá iwájú, aṣọ tutù lórí ọmọ, ikọ́ Kékeré.

Bàbá ní, "Ikọ́ yẹn. Ọmọ ló ń wú u?"

"Kékeré ni, sà."

"Mo máa ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri. Mo rò pé ìwọ ni. Mo rò pé ò ń wú u kí n lè gbọ́ pé èéfín mi fẹ́ pa ọ́. Mo tilẹ̀ ti wúkọ́ dá ọ lóhùn rí."

Ó lọ gbé àkàbà.

Òkè ààrò náà fẹ̀, igi gbígbẹ nìkan ló wà níbẹ̀, ojú ihò ńlá ni gbogbo èéfín sì ń gbà jáde síta. Ìyá Fọ̀ọ́mọ́ fi ìka pa ògiri ibẹ̀, ó wo ìka rẹ̀: kò sí eérú kankan. Wọ́n kó igi sápá kan. Wọ́n ta okùn. Bàbá Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ dúró nísàlẹ̀, ó ń na aṣọ sí obìnrin náà lókè, ó ń ní, "Rọra o, má jẹ́ kó bọ́ sínú ìyẹ̀fun mi."

Ní òwúrọ̀, òjò ṣì ń rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo aṣọ náà ti gbẹ, ó ń dún lọ́wọ́ bí ìwé. Ìyá Fọ̀ọ́mọ́ kó o délé, ó gbé àyọ́ọ̀nù lé àkọ́kọ́. Ooru aṣọ fẹ́ sí i nímú. Ó dúró. Ó tún gbóòórùn rẹ̀.

Búrẹ́dì.

Ó gbé èkejì, búrẹ́dì. Ìkẹta, búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Ọ̀gá tó ń fi imú wo nǹkan ló fẹ́ gbé èyí fún. Kò sí àkókò láti tún un fọ̀, kò sì sí oòrùn. Ó lọ̀ ọ́ tán, ó fi ọ̀rá dì í, ó rù ú lọ. Orí yọ ọ́, ọ̀gá ń bá ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe jà lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ kan ló gbà á. "Ẹ bá mi kí ọ̀gá," ó ní, ó sì yára jáde kí wọ́n tó tú u.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pè é.

Ó wọ aṣọ tó dára jù lọ tó ní, ó ní bí wọ́n bá máa lé òun, kí wọ́n lé òun nínú aṣọ tó mọ́. Ọ̀gá ń dúró dè é. Ó tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan sórí tábìlì, ó na ìka sí etí rẹ̀.

"Kí lèyí?"

Ìyá Fọ̀ọ́mọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Ó jọ ojú eyín, mà."

"Ojú eyín ni. Ọmọ kan ló gé e jẹ lójú oorun. Bàbá arúgbó kan sọ̀kalẹ̀ wá kí ilẹ̀ tó mọ́, ó jókòó síbí yìí, ó ní òun ń dúró de búrẹ́dì. Mo ní búrẹ́dì wo? Gbogbo wọn bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń béèrè búrẹ́dì. A kì í se oúnjẹ níbí. Mo ránni lọ rà á níbi tó jìnnà, ó tutù kó tó dé, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ń wò mí bíi pé mo jí èyí tó gbóná pamọ́. Kí lo fi fọ aṣọ mi?"

"Ọṣẹ nìkan ni mo fi fọ̀ ọ́, mà. Òkè ààrò búrẹ́dì ni mo sá a sí. Òjò ni."

Ọ̀gá gbé aṣọ náà sókè, ó fi imú rẹ̀ sínú rẹ̀, ó pa ojú dé. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

"Mo sùn lórí ọ̀kan nínú wọn lánàá," ó ní jẹ́jẹ́. "Mi ò tíì sùn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ṣí ilé yìí. Òkè ààrò ta ni?"

"Ti Bàbá Oníbúrẹ́dì ẹ̀yìn ilé wa, mà."

"Lọ pè é wá. Iṣẹ́ aṣọ ti di tìrẹ. Láti ọ̀la, kí búrẹ́dì máa bá aṣọ wá, kó sì gbóná."

Ẹ ò rí bí obìnrin náà ṣe sáré. Ó já ilé búrẹ́dì gba inú òjò, kò kí ẹnikẹ́ni. "Bàbá, wọ́n ń pè yín nílé ìtura."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tú épúrọ̀nù rẹ̀. "Kí ni ààrò mi ṣe? Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé èéfín ti kàn án. Jẹ́ kí n lọ bá wọn tọrọ àforíjì."

"Ẹ gbé búrẹ́dì dání."

"Kí n gbé búrẹ́dì lọ fi tọrọ àforíjì?"

Ojú ọ̀nà ló ti ṣàlàyé fún un. Wọ́n ní bàbá náà dúró láàárín títì nínú òjò, ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìyá Fọ̀ọ́mọ́ gba yàrá iwájú náà, ibẹ̀ ló ti ń lọ aṣọ báyìí, àyọ́ọ̀nù oníná ló sì fi ń lọ̀ ọ́. Bàbá Oníbúrẹ́dì ra ààrò kejì. Wọ́n ṣì ń jà lórí omi ọṣẹ, torí omi kò mọ̀ pé wọ́n ti parí ìjà. Ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ti ilé ìtura dé ni gbogbo aṣọ tutù ti kúrò nínú yàrá, tó gba orí àkàbà lọ sókè ààrò.

Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Fọ̀ọ́mọ́ jí, kò gbọ́ ikọ́. Ó yára yíjú. Kékeré ti jí, ó nà gbalaja, ó ń wo òkè, ojú rẹ̀ là kedere.

"Màmá," ó ní, "àjà ilé wa, ṣé àwọ̀ ewé ló ní tẹ́lẹ̀?"

Ìyá náà gbé ojú sókè. Aṣọ ti bò ó pẹ́ débi pé òun alára ti gbàgbé.