Obìnrin Tó Ń Wò Ó Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀ẹ̀kejì ni gbogbo ọsibítù ń pè é, kì í sì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Olùyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni, kò sì sí èsì tí í fọwọ́ sí láìjẹ́ pé ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn aláwàdà ibi iṣẹ́ ní nígbà tí wọ́n ń so òun àti ọkọ rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ ẹ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sinmi díẹ̀, ó tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ tó jọ ọ́ ni. Òun náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, kò sì yí padà.

Iṣẹ́ náà kò le lójú ẹni tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí táìlì funfun níbi mẹ́ta. Wọ́n á kán omi àyẹ̀wò A sí ọ̀kan, ti B sí èkejì, omi iyọ̀ lásán sí ẹ̀kẹta, wọ́n á pò ó, wọ́n á rọra mi táìlì náà síwá sẹ́yìn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rí ohun tó ń bá a wí nínú omi yẹn, á ṣù wóróworó bí ìyẹ̀fun tí wọn ò pò dáadáa. Bí kò bá rí i, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tó ṣù sí A nìkan, A ni; èyí tó ṣù sí méjèèjì, AB ni; èyí tí kò ṣù síbì kankan, O ni. Ọgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ṣíṣù yìí náà ni Ẹ̀ẹ̀kejì fi ń mọ ẹni tí ara rẹ̀ ti bá ọ̀fìnkìn líle jà rí, àti ẹni tó kó àrùn tí kò ní fẹ́ kí aya ilé gbọ́. Ní ti omi iyọ̀ lásán, ẹlẹ́rìí ni: ẹ̀jẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ ṣù níbẹ̀. Nítorí pé kì í sábà ṣù, àwọn tó ń kánjú kì í ka ẹlẹ́rìí yìí sí mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wọlé. Káfíńtà ni. Ó ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ní kó sinmi, ó kọ̀, ó gun òrùlé lọ, ikọ́ sì gbọ̀n ọ́n já bọ́. Inú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ti wọ ìbọ̀wọ́, ẹ̀jẹ̀ ló ń retí. Bí wọ́n bá sì fún káfíńtà ní ẹ̀jẹ̀ tí kò bá tirẹ̀ mu, ẹ̀jẹ̀ àlejò náà á fọ́ nínú iṣan rẹ̀, ó sì lè kú kí wọ́n tó rán ojú ọgbẹ́ tán.

Wọn kì í jẹ́ kéèyàn yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹbí ara rẹ̀ wò, nítorí náà akẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó kéré sí i ló ṣe é. Yàrá náà tutù rinrin lọ́jọ́ yẹn, torí pé ẹ̀rọ amúlétutù tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kálukú sì fẹ́ jayé orí rẹ̀. Ọkùnrin náà mi táìlì, ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, AB ni." Ó ti ń nawọ́ sí fíríìjì.

"Dúró," ni Ẹ̀ẹ̀kejì wí. "Bàbá wa, O ni wọ́n. Màámi, A ni wọ́n. Èmi ni mo yẹ̀ wọ́n wò, lẹ́ẹ̀mejì. O àti A kì í bí AB."

Ọkùnrin náà ń wo bàtà ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì mọ ohun tó ń rò, pé bàbá wọn kọ́ ló bí káfíńtà, nítorí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin ti ń rò ó láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ náà, tó pupa ju gbogbo ilé lọ, ó sì ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá létí. Ìyá wọn wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó di bàtà iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ mú mọ́ra. Akẹgbẹ́ rẹ̀ wá rọra sọ pé ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́.

"Ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́ lóòótọ́," ni Ẹ̀ẹ̀kejì dá a lóhùn, "àmọ́ òtútù máa ń purọ́ mọ́ ọn. Omi iyọ̀ rẹ dà?"

Kò kán an. Ó ti fò ó. Fóònù ń dún, dókítà ń béèrè ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì gbé e, ó ní kí wọ́n mú sùúrù díẹ̀ sí i, pé a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ó sì gbé e sílẹ̀ kí dókítà tó ráyè bínú. Àbúrò kan ṣoṣo tó ní ni káfíńtà. Ó ní kí akẹgbẹ́ rẹ̀ po ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ omi iyọ̀ lásán. Ó ṣù wóróworó, níbi tí kò sí ohunkóhun tó yẹ kó mú un ṣù. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà tó gbójú sókè.

Ikọ́ yẹn ni. Irú rẹ̀ máa ń fi nǹkan sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, tí òtútù bá ti kàn án báyìí, á máa so ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ooru ló ń tú u. Ẹ̀ẹ̀kejì pa ẹ̀rọ amúlétutù. Ó gbé ìgò omi iyọ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n fi ṣan ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n tún un ṣan, òun fúnra rẹ̀ sì di táìlì mú sáàárín àtẹ́lẹwọ́ títí ó fi móoru. Akẹgbẹ́ rẹ̀ kán ẹ̀jẹ̀ sí i. Ti A tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti B tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti omi iyọ̀ náà tẹ́. Kó tó lanu pé kó tún un ṣe, ọkùnrin náà ti ń tún un ṣe. O ni. Wọ́n po ẹ̀jẹ̀ inú àpò O mọ́ ti káfíńtà nínú ooru kan náà, wọn ò bá ara wọn jà. Àpò náà kọjá níwájú ìyá wọn lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, dókítà jáde, ó ní káfíńtà ti là á já. Ìyá wọn dúpẹ́ títí, bàtà náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ AB kankan létí rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì ń fọ táìlì nígbà tí akẹgbẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó tọrọ àforíjì nítorí omi iyọ̀ tó fò, ohun tó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu sì jáde: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ kì í gba nǹkan gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣé ẹ ò tiẹ̀ fura sí Màmá rárá?"

"Ẹ̀jẹ̀ wọn ni mo wò lẹ́ẹ̀mejì," ni Ẹ̀ẹ̀kejì wí, ó sì gbé táìlì náà síbi tó ti máa gbẹ. "Àwọn fúnra wọn, ẹ̀ẹ̀kan ni mo wò wọ́n, ó sì tó."