Ọkọ̀ Tí Ń Bú Ní Ìdájí

Bí ọkọ̀ mi bá ti gbóná, kò sí ẹni tí í bínú sí i. Kùtùkùtù àárọ̀, nígbà tó bá ti sun ìta mọ́jú tí ara rẹ̀ sì tutù, ni wèrè rẹ̀ máa ń dé. Ọwọ́ ọmọkùnrin kan ní Ìbàdàn ni mo ti rà á, irú àwọn tó fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ pé àwọn ń bọ̀. Ó ti gé sàlẹ́ńsà rẹ̀ jù nù, ìyẹn ìkòkò irin abẹ́ ọkọ̀ tó máa ń gbé ariwo ẹ́ńjìnnì mì, ó sì jó páìpù gbọọrọ kan tó fẹ̀ lẹ́nu mọ́ ọn. Ọ̀sán gangan ni mo lọ wò ó, ọkọ̀ náà ti gbóná, ó kàn ń kùn ni. Mo ní bó ṣe ń kùn yẹn wù mí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó mọ ohun tí mo gbé wọ ìlú.

Ẹ́ńjìnnì tó bá tutù a kọ́kọ́ sáré fúnra rẹ̀ kó lè tètè gbóná. Gbogbo eré yẹn ló ń gba inú páìpù òfìfo yẹn jáde. Á bú, á tún wá máa yìn bí ìbọn, tàù, tàù, kó tó fara balẹ̀.

Nígbà tí mò ń dá gbé, n ò ka ìyẹn sí wàhálà. Tíṣà ni mí ní Èrúwà, Igbó-Ọrà sì ni ilé mi wà, mo gbọ́dọ̀ tètè jáde. Nígbà ààwẹ̀, àwọn aládùúgbò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kí n máa gba sàráà lọ́wọ́ àwọn tí ọkọ̀ mi ń jí jẹ sààrì. Èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn tán lẹ́nu mi lọ́jọ́ tí mo gbé bàbá mi wá sílé.

Abà kan tó wà kọjá Tápà, ìlú kan nítòsí wa, ni bàbá mi ti ń dáko láti kékeré, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí ni wọ́n ń gbìn. Ní ìdájí ọjọ́ kan, àwọn agbébọn wọ abà náà, wọ́n sì yìnbọn pa àbúrò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi dojú bolẹ̀ láàárín ebè ẹ̀gẹ́ títí oòrùn fi mú, kó tó dìde lọ wo òkú àbúrò rẹ̀. Ohun tó sọ fún mi ò ju ìyẹn lọ, n ò sì bi í ju ìyẹn lọ. Mo ní ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé. Kò jiyàn. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí, nítorí bàbá tí mo mọ̀ a máa jiyàn lórí iyọ̀ tó wà nínú ọbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, mo sítáàtì ọkọ̀, mo sì gbọ́ tí nǹkan wó nínú ilé. Mo sáré wọlé. Bàbá mi wà lábẹ́ ibùsùn, ó fi apá méjèèjì bo orí.

Mo ní, "Bàbá, ọkọ̀ ni o. Ọkọ̀ mi ni."

Ó rá jáde, ó gbọn eruku kúrò lára bùbá rẹ̀, kò wojú mi. Ó ní, "Èmi mọ̀ pé ọkọ̀ ni. Ara mi ni ò mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí láràárọ̀. Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú ló ń jẹ ẹ́ run. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó pè mí jókòó. Láti ìgbà tí mo ti di olùkọ́ ni kì í ti í pe orúkọ mi mọ́.

Ó ní, "Tíṣà, n ò lè máa wọ abẹ́ ibùsùn níwájú ọmọ tí mo bí. Bí ọkọ̀ yìí ò bá lè dákẹ́, n ó padà sí abà mi. Bí wọ́n bá pa mí síbẹ̀, orí ilẹ̀ mi náà ni wọ́n pa mí sí."

Kò gbé ohùn sókè rárá, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ó ti rò ó tán. Kò sì sí ẹni tó kù ní abà náà mọ́ nígbà yẹn. Ẹni tó bá lọ sùn síbẹ̀, ikú ló lọ dúró dè.

Mo fẹ́ ta ọkọ̀ náà, àmọ́ gbogbo ẹni tó bá wá wò ó láàárọ̀ ló ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ilé wa wà lórí òkè díẹ̀, ni mo bá ń tú bíréèkì rẹ̀ kó lè máa yí lọ sísàlẹ̀ láìsítáàtì. Àwọn ọkùnrin tó ń ti ìrun àsùbáà bọ̀ á bá mi tì í, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, títí dé ìdí afárá. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá Tíṣà, ṣé ọkọ̀ lẹ rà ni àbí màlúù?" A ó rẹ́rìn-ín, n ó wá yí kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ìdájí àdúgbò wa dákẹ́ jù. Ariwo náà kàn ń gun òkè padà lọ bá bàbá mi ni.

Mẹkáníìkì kan ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó kó irin wúruwùru tí a fi ń fọ ìkòkò dí ẹnu páìpù náà, ó fi wáyà dè é. Ọkọ̀ ò lágbára mọ́, ó ń mí bí ẹni tí òtútù mú, ṣùgbọ́n kò dún. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síta, ó ń bó ẹ̀gúsí. Inú mi dùn débi pé mò ń kọrin nídìí ààrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, wáyà náà já. Irin fò jáde, ó sì dún gbàù! Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò fọn fèrè, àwọn tó ń kírun lọ́wọ́ já ìrun. Bàbá mi gba ẹ̀yìnkùlé, ó gun ògiri tí èmi gan-an ò lè gùn, ó sì ṣubú sí òdì kejì. Nínú koríko la ti rí i. Ó dojú bolẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ kún ẹnu rẹ̀, ó ń pe orúkọ àbúrò rẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ojú ò tì mí.

Ọjọ́ náà ló di ẹrù rẹ̀: àdá, aṣọ díẹ̀, àti kẹ́tùlù àlùwàlá. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun gbọ́, àmọ́ bí ọjọ́ Jímọ̀ bá ti kọjá, kí n má ṣe di òun lọ́wọ́.

Mo wa ọkọ̀ náà lọ bá mẹkáníìkì mìíràn ní Èrúwà, òun àti wẹ́dà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gé páìpù yẹn kúrò, wọ́n jó sàlẹ́ńsà gidi sí i, wọ́n fi kékeré kan sí iwájú rẹ̀, wọ́n sì dí ibi tó ti ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Alẹ́ Tọ́sìdeè ni wọ́n tó ṣe é tán.

Mẹkáníìkì ní, "Ànńtí, á sun ọ̀dọ̀ wa o. Bó ṣe gbóná yìí, irọ́ ló máa pa fún wa. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, ká wá gbọ́ ohun tó máa wí láàárọ̀."

Mo gun ọ̀kadà padà sílé, bàbá mi ti sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo tún ti jáde, n ò jí i, torí mo fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún un. Nígbà tí mẹkáníìkì yí kọ́kọ́rọ́, mo ti fi ìka di etí. Mo yọ ìka náà. Ọkọ̀ náà kàn rọra ń kùn bí ológbò tó yó. Mo ní kó pa á kó tún sítáàtì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti gbóná báyìí. Mo kọrin láti Èrúwà dé ilé.

Bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Eruku abẹ́ ibùsùn ṣì wà lórí fìlà rẹ̀.

Ó ní, "Tíṣà, ti òní yìí mà le o. Ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó dún, ó dún, n ò mọ ìgbà tó máa dá."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo yà lọ bi obìnrin tó ń gbé lódìkejì bóyá nǹkan kan dún láàárọ̀. Ó ní kò sí o, ìrun nìkan ni wọ́n pè.

Mo dúró sí ìta fún ìgbà díẹ̀. Bí mo bá sọ fún un pé ọkọ̀ ò sun ìlú yìí lánàá, kí ni yóò máa pe ohun tó ń gbọ́? Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ni, wọ́n lè tún un ṣe.

Mo wọlé, mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Iṣẹ́ náà ò tíì parí ni."

"Ṣé wọ́n á lè ṣe é?"

"Wọ́n á lè ṣe é."

Ó fúnra rẹ̀ gbé ẹrù náà wọlé.

Láti ìgbà náà, bó bá ti di Sátidé, mo máa ń wa ọkọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan jáde nílùú, n ó páàkì sábẹ́ igi lójú ọ̀nà Èrúwà, n ó sì jókòó sínú rẹ̀ títí yóò fi tó àsìkò tí èèyàn ń ti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì dé. Bàbá mi á ti máa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni wọ́n wí?"

N ó ní, "Wọ́n ní ó ku díẹ̀."