Èéfín Ààrò Ìyá Dáníẹ́lì

Kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò bá èéfín jà. Ọ̀kadà ni mo ń gùn ní Ìlá lọ́dún 1996, èéfín tèmi náà kì í ṣe kékeré. Èmi ni mo máa ń gbé àwọn tó wá wòran lọ sí Àpáta Olómi, níbi tí omi ti ń dà láti orí òkúta gìrìwò. Ṣùgbọ́n ohun tójú Ìyá Dáníẹ́lì rí níbẹ̀, títí dòní ni inú ń bí mi, mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tí mo ń bínú sí.

Ìyá nìkan ló ń gbé ẹsẹ̀ àpáta yẹn. Ọkọ wọn, àgbẹ̀ olóbì, ti kú. Dáníẹ́lì, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, lọ sí Àbíjáàn, kò sì bojú wẹ̀yìn. Iṣu àti ọbẹ̀ ata ni wọ́n ń sè fún àwọn èrò, ẹnu wọn ò sì í sinmi. Bí mo bá pẹ́ dé: "Ọláníyì, ṣé ìgbín lo gùn wá ni?" Ẹ̀rín á pa gbogbo wa. Àmọ́ nírọ̀lẹ́, tí ẹni ìkẹyìn bá ń lọ, Ìyá á sìn wá dé ojú ọ̀nà, wọ́n á dúró síbẹ̀ títí a ó fi yà ní kọ́nà.

Ní àwọn abà wa, ẹni tó bá ń dá gbé, èéfín àárọ̀ ni ìkíni rẹ̀. Bí èéfín bá yọ lórí òrùlé rẹ, àwọn ará òdìkejì á mọ̀ pé o jí. Bí kò bá yọ, wọ́n á wá wò ọ́. Nígbà tí ọkọ Ìyá kú, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, Bàbá Fákúnlé, tó ń gbé Abà Ọdán lórí òkè tó kọjú sí àpáta, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá òun gbé. Ìyá kọ̀. Bàbá ní, "Ó dáa, Àbẹ̀ní. Ṣáà máa dáná láràárọ̀. Ọjọ́ tí mi ò bá rí èéfín rẹ, ojú ẹsẹ̀ ni wàá rí mi."

Láti ìgbà náà, òjò ni o, ibà ni o, Ìyá á kó ewé tútù lé iná kí èéfín lè ga. Ó ti pẹ́ tí Bàbá ò ti wá mọ́, wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Ìyá á ní, "Kò burú. Ṣebí wọ́n ń wò mí."

Ni ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àpáta bá dé. Wọ́n ní èéfín ló ń mú ayé gbóná, òun ló ń da òjò rú, tí omi àpáta fi ń fà. Irọ́ kọ́, àwa náà rí i pé omi ọ̀hún ti dín kù. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì wọn kúrò, wọ́n gbé pátákó tó ń gba iná lára oòrùn sórí òrùlé rẹ̀. Wọ́n ní kí mọ́tò àti ọ̀kadà dúró sí títì, kí èrò fẹsẹ̀ rìn. Ẹ wo oúnjẹ tèmi lẹ́nu wọn! Wọ́n wá mọ ààrò amọ̀ tuntun fún Ìyá, èyí tí kì í jẹ igi púpọ̀, tí kì í sì í rú èéfín.

"Ẹ̀gbọ́n mi á rò pé mo ti kú," ni Ìyá wí.

Ọ̀gbẹ́ni Joseph, alága wọn, rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n mọ̀."

Ojú Ìyá wá ń dán. "Rárá o. Mi ò ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá."

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lo ààrò náà, Ìyá pa àgbébọ̀ adìẹ kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Wọ́n gúnyán, wọ́n tẹ́ ẹní síta, wọ́n lé tìróò. "Wọ́n á ti máa sáré bọ̀ báyìí. Kí wọ́n má lọ ṣubú o." Oòrùn yọ, oòrùn wọ̀. Èmi ni mo jẹ iyán ọ̀hún, kò sì dùn lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún tẹ́ ẹní. Kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tó tún di ọjọ́ kẹta, Ìyá di ọwọ́ mi mú.

"Ọláníyì, àbí ẹ̀gbọ́n mi ló ti kú, tí wọn ò sọ fún mi?"

Kùtùkùtù àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo gbé wọn dé Abà Ọdán. Bàbá Fákúnlé wà níwájú ilé lórí àpótí, wọ́n kọjú sí àpáta wa gan-an.

"Wọ́n wà láyé!" Ìyá ti fẹ́ sáré lọ bá wọn, ni Bàbá bá gbé ohùn sókè sí Tèmítáyọ̀, ìyàwó ọmọ wọn, tó ń yan gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

"Tèmítáyọ̀, ṣé èéfín Àbẹ̀ní ti yọ?"

Obìnrin náà ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ó ti yọ, Bàbá. Ó tiẹ̀ ṣú gan-an lónìí."

"Ọpẹ́ o. Àbúrò mi ti jí."

Mo wo ojú Bàbá. Ó ti funfun, wọn ò ríran mọ́. Mo wo ọ̀kánkán àpáta, ó mọ́ kedere, èéfín kankan ò sí níbẹ̀. Tèmítáyọ̀ wá rí wa, igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré wá, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Láti ìgbà tí ojú wọn ti fọ́ ni wọ́n ti ń bi mí. Iṣẹ́ ló pọ̀, mi ò ráyè wo ọ̀hún." Ẹ gbà mí o! Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló rún sẹ́nu. Mo ti la ẹnu láti bú u, Ìyá fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Wọ́n lọ kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀."

Bàbá na ọwọ́, wọ́n fi ń tọ́ ojú Ìyá wò, imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Àbẹ̀ní? Bí o bá wà níbí, ta ló wá dáná nílé rẹ?"

Ìyá bojú wo ọ̀kánkán àpáta náà. "Mo dá a kí n tó kúrò nílé ni. Ó ṣì ń rú."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ọ́."

Bàbá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sùn, Ìyá ní èrò ń bọ̀ wá jẹun. Mo gbé wọn padà dé títì, níbi tí ọ̀kadà gbọ́dọ̀ dúró. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún ìró wọn ró.

"Ọláníyì, gbogbo ewé tútù yẹn. Kò sẹ́ni tó ń wò mí."

Mo fẹ́ sọ pé èmi á máa wò wọ́n. Ṣùgbọ́n Ìlá ni ilé mi wà, òkè ò jẹ́ kéèyàn rí ibẹ̀, kò sì sí èéfín mọ́. Ìyá fẹsẹ̀ rìn lọ. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo dúró lójú ọ̀nà títí wọ́n fi yà ní kọ́nà.